Ìjókòó Iwájú Takisí

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹsàn-án

Mo jí lẹ́tà ìyàwó mi ní ọdún mọ́kànlélógójì sẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀ ju "jí" lọ. Èmi tí mo fi gírámà jẹun, n kò rí i.

Ilé-ẹ̀kọ́ yíya máàpù kan ní ìlú ńlá yìí ló kọ̀wé sí i pé kó máa bọ̀, oúnjẹ àti ibùgbé lọ́fẹ̀ẹ́, ọdún méjì péré. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ àpótí lẹ́tà wà. Èmi náà ti kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta lókè òkun, gbogbo wọn ló kọ̀ mí. Mo ka tirẹ̀ lórí ìdúró, mo tì í bọ inú ìwé atúmọ̀-èdè mi. Oṣù márùn-ún ló fi ń bi mí bóyá lẹ́tà dé. Mo ní kò dé. Ó di olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń ya ayé sójú pátákó, tó ń nù ún nù.

Àkọ́bí wa obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ níbí, ló ní ká wá kí òun. A gúnlẹ̀ lónìí. Lẹ́tà náà wà nínú àpò inú kóòtù mi. Mo gbé e wá kí n lè sọ ọ́ nù sí ìlú tó ti wá. Ọgbọ́n àgbà nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Takisí ìlú yìí kì í gbà ju èrò mẹ́rin lọ. Mẹ́rin gẹ́lẹ́ la jẹ́. Èmi níwájú, bí baálé ilé ti í ṣe. Lẹ́yìn: Afinimọ̀nà — ìyàwó mi nìyẹn, nínú ìwé yìí nìkan — àti Àkọ́bí, àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méje, tí mo ń pè ní Adájọ́.

Mo fi ohùn ọ̀gá ilé-ìwé sọ àdírẹ́sì fún awakọ̀. Afinimọ̀nà ní, "Bàbá wọn, òpópónà méjì ló ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ti àríwá la ń lọ." Mo ní, "Ìwọ tí o ò dé ibí rí?"

Awakọ̀ gbé wa lọ sí ti gúúsù. Ẹnu géètì itẹ́ òkú ni. Adájọ́ ní, "Bàbá àgbà, ṣé ibí lẹ ń lọ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí a fi délé. Èmi ń ro ìbéèrè tèmi. Ta ni kò jẹ́ kó dé ibí rí?

Ọjọ́bọ̀, 6

Òjò. Takisí mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ṣì wọ́n lọ́nà.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Nídìí oúnjẹ àárọ̀, Àkọ́bí bi ìyá rẹ̀ pé ibo ló wù ú láti rí. Ó nu ẹnu rẹ̀. "Ilé-ẹ̀kọ́ máàpù yẹn. N ò ní wọlé. Mo kàn fẹ́ wo ilẹ̀kùn ibi tí wọn ò ti fẹ́ mi." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ kù díẹ̀. Àkọ́bí ní ọ̀la la ó lọ. Tíì tutù sí mi lọ́wọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Mo ṣe é. Mo rọra sọ fún awakọ̀ pé ọgbà ẹranko là ń lọ. Nígbà tí a débẹ̀, mo ní mo gbọ́ pé wọ́n máa ń ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa ní Àbámẹ́ta. Àkọ́bí wò mí. Afinimọ̀nà ní, "Kò burú. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti tilẹ̀kùn mọ́ mi."

Mo wo ọ̀bọ fún wákàtí kan. Ọ̀bọ náà wò mí.

Ọjọ́ Ajé, 10

Mo gbàgbé kóòtù mi sínú takisí, tòun ti lẹ́tà. Ohun tí mo fẹ́ sọ nù ti sọ ara rẹ̀ nù. Ó yẹ kí n jó. Kàkà bẹ́ẹ̀, adìyẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Lẹ́yìn wákàtí méjì, wọ́n kanlẹ̀kùn. Onírùngbọ̀n ni, awakọ̀ tó gbé wa délé. Ó ti dé ìpẹ̀kun ìlú kó tó rí kóòtù náà, ó sì yí padà. Àkọ́bí dúpẹ́ títí. Awakọ̀ náà ní, "Ẹrù èrò kì í sùn nínú mọ́tò mi."

Afinimọ̀nà gbọn kóòtù náà, ó gbé e lé mi léjìká. Mo bi í bóyá nǹkan kan bọ́ nínú àpò. "Ṣé mo tú u wò ni? Bàbá wọn, láti ọjọ́ tí mo ti wà nílé yín, ẹ ti bá ọwọ́ mi nínú àpò yín rí?"

N kò bá a rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Ẹrù èrò kì í sùn nínú mọ́tò rẹ̀. Nínú ilé mi, ó sun ọdún mọ́kànlélógójì.

Ọjọ́rú, 12

Ọ̀la la ń padà sílé. Ọjà la fẹ́ lọ, ìrìn ìkẹyìn. Onírùngbọ̀n ni Àkọ́bí pè. Nígbà tó dé, mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú, mo ní kí Afinimọ̀nà wọlé.

"Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn yín ni?"

Mo ní rárá.

"Kí ló wá dé?"

Mo há sáàárín Àkọ́bí àti Adájọ́ lẹ́yìn, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Adájọ́ ní, "Bàbá àgbà, ṣé wọ́n lé yín kúrò níwájú ni?" Mo ní ó ti pẹ́ tó yẹ kí wọ́n lé mi.

Mo yọ lẹ́tà náà. Mo nà án sí Afinimọ̀nà láàárín ìjókòó méjèèjì. Mo ní, "Tìrẹ ni. Ó dé nígbà náà. Èmi ni mo fi pamọ́. Wọ́n fẹ́ ọ." N kò fi ẹ̀bẹ̀ kún un. Ẹ̀bẹ̀ a máa béèrè ìdáhùn, n kò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀kankan.

Ó wọ awò ojú rẹ̀. Ó wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sókè. Àkọ́bí gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò ní apá mi.

Onírùngbọ̀n béèrè ibi tí à ń lọ. Mo ti la ẹnu — bárakú. Afinimọ̀nà ṣáájú mi. Kò wẹ̀yìn. Ó fi ìka sí òkè lẹ́tà náà, ó ka àdírẹ́sì ilé-ẹ̀kọ́ náà fún un, nọ́ńbà àti òpópónà.

"Ti àríwá," ó ní.