Dókítà Tí Yóò Dúró Tì Wá ní Àgùdà

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Adùnọlá,
Àgùdà, Surulere,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Ọ̀wàrà, 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ilé Ìwòsàn Àdúgbò,
Surulere,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ÀÌDÚRÓ ÀWỌN DÓKÍTÀ NÍ ILÉ ÌWÒSÀN ÀDÚGBÒ WA

1. Ojú ń tì mí bí mo ti ń kọ ìwé yìí. Láti ọdún tó kọjá ni mi ò ti lè mú ìtọ̀ dúró mọ́. Bí mo bá rẹ́rìn-ín tàbí tí mo wúkọ́, ó ti dé nìyẹn. N kì í jókòó sórí àga onítìmùtìmù nílé onílé mọ́. Mo sì ti fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ láìsọ ìdí fún ẹnikẹ́ni.

2. Dókítà Abigail Ọlápàdé ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ara mi ti ń yá díẹ̀díẹ̀ kí ó tó lọ. Iṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni ẹ gbà á sí. Ó bẹ̀ yín títí pé kí ẹ sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi, ẹ ò dá a lóhùn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà báyìí, mi ò sì lè bá a wí.

3. Láti ìgbà náà, ẹni tí a bá lóṣù yìí kọ́ ni a ó bá lóṣù tó ń bọ̀. Gbogbo wọn ló ń ní kí n bẹ̀rẹ̀ àlàyé látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ kì í ṣe ohun tí à ń kiri bí ẹ̀kọ.

4. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, Dókítà Olúwajùwọ́n ni mo bá lórí àga. Òun ni àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ Ṣùbòmí, ọmọ mi, fún láìpẹ́ yìí. Mi ò mọ̀ pé ẹ ti gbé e wá síbẹ̀. Ó fò dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá ìyàwó rẹ̀, lẹ́yìn náà ló bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Àna mi ni! Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Mo ní orí ń fọ́ mi. Ó kọ oògùn ibà fún mi, ó sì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Aṣọ mi ti tutù kí n tó délé.

5. Ọmọlúàbí ni, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e kúrò nítorí mi. Ẹ fún òun náà ní iṣẹ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ fún ni pé kí ẹ fi dókítà ìdílé kejì kún un, obìnrin bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sì ṣe é lóore débi tí kò ní máa wo ọ̀nà òkè òkun.

Ẹ̀yin tí mi ò mọ̀ rí náà ti gbọ́ ọ báyìí. Ó ku ẹnì kan ṣoṣo tí mo lè tún sọ ọ́ fún. Ẹ jọ̀wọ́, kí ó jẹ́ ẹni tí kò ní lọ.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyáàfin Gertrude Adéríbigbé,
Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì.