Eruku Tó Ti Ọ̀dọ̀ Yín Wá

Bàbá mi àtàtà,

Ọyẹ́ ti tún dé sí Ìbàdàn. Láti ojú fèrèsé yàrá wa ní Agbowó níbí, n kò rí òpó iná tó wà ní òdìkejì títì. Oòrùn yọ ṣá, àmọ́ ó funfun bí òṣùpá, èèyàn lè tẹjú mọ́ ọn láì ṣẹ́jú. Àwọn mọ́tò tó ń lọ sí Ṣàngó ń tan iná lójú ọ̀sán gangan. Gbogbo nǹkan wá rí bí ìgbà téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta jí, tí kò tíì mọ̀ bóyá àlá ló ṣì ń lá. Irú àárọ̀ báyìí ló máa ń wù mí láti bá yín sọ̀rọ̀, torí ó ń ṣe mí bíi pé ẹ ò jìnnà.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ti òkè Ọya dé, nígbà tí a ṣì ń gbé Mọ́kọ́lá? Ẹ ó ti fun fèrè lọ́rì yín láti ìsàlẹ̀ títì, màá sì sáré jáde láì wọ bàtà. Obì gbàǹja lẹ ń kó lọ sí Màídúgùrì, ẹja gbígbẹ lẹ ń kó bọ̀. Eruku á ti bo ìpéǹpéjú yín, gbogbo irun rẹ̀ á funfun, ẹ ó wá dà bí arúgbó tó ń rẹ́rìn-ín. Kẹ́ ẹ tó wẹ̀ rárá, ẹ ó jókòó sórí àpótí, ẹ ó bó ọsàn fún mi, èèpo rẹ̀ ò sì ní já títí ẹ ó fi bó o tán. Ẹnu ibẹ̀ lẹ ti máa ń sọ̀rọ̀ Adágún Ṣáàdì fún mi, omi tí kò níyọ̀, tó fẹ̀ débi pé ojú ò lè tó òdìkejì. Ìtàn lásán ni mo pè é. Màámi náà a ní ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀.

Ìrìn àjò kan wá wà tó jẹ́ pé ẹlòmíì ló wa lọ́rì yín wálé. Wọ́n ní ibà ló kì yín mọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún, àti pé ọjọ́ tẹ́ ẹ dákẹ́ náà ni wọ́n sin yín, bí ẹ̀sìn Mùsùlùmí wa ti wí. Màámi ṣe opó. Wọ́n wọ aṣọ tó yẹ, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n ṣe sàráà. Àmọ́ ọkàn wọn ò gbà á. Wọn ò rí òkú, wọn ò rí ibojì. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, bí lọ́rì bá fun fèrè níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ránṣọ ní Ṣàngó, ẹsẹ̀ wọn a dúró lórí ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ á dúró sínú aṣọ, ó di ìgbà tí lọ́rì náà bá kọjá tán. Mo mọ̀ pé wọ́n ń retí yín. N kò sọ ọ́ sí wọn létí rí.

Bàbá, mo ti wọ yunifásítì o. Ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ni mò ń kọ́ nípa rẹ̀, mo ti gboyè àkọ́kọ́, mo sì ń kàwé sí i báyìí. Ọ̀gá mi níbẹ̀, obìnrin Èkìtì kan tí kì í pariwo, ló fẹ́ mọ ibi tí eruku ọyẹ́ yìí ti ń gbéra. Wọ́n ní ká gbé àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí a bu omi díẹ̀ sí gun òrùlé káàkiri ìlú, ní Bódìjà, ní Ṣálẹ́ńjì, ní Ring Road, kí eruku lè máa bọ́ sínú rẹ̀. Mo gbé ọ̀kan sórí ilé tí à ń gbé. Bàbá onílé rí mi lórí àkàbà.

“Àwo omi wo lo ń gbé sórí òrùlé mi? Àbí oògùn lo fẹ́ ṣe?”

“Ẹ̀kọ́ ni, Bàbá. Eruku ni mo fẹ́ fi gbà.”

“Eruku! Wọ pálọ̀ mi, wàá kó o títí tó máa fi sú ẹ.”

Màámi rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi eruku náà sábẹ́ maikirosíkóòpù, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tí ojú lásán ò lè rí di ńlá, mo rò pé mo ṣìṣe ni. Láàárín iyanrìn wẹ́wẹ́ ni mo ti rí àwọn nǹkan tó mọ́ gaara bíi dígí. Àwọn kan rí bí ọkọ̀ ojú omi, àwọn kan rí bí òrùka, ọnà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lára wọn bíi pé ẹnì kan jókòó fín in. Mo pe ọ̀gá mi.

“Ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín ni wọ́n, inú omi ni wọ́n ti gbé rí,” ni wọ́n wí. “Ìkarahun wọn ló kù. Adágún ńlá kan ló fà gbẹ láyé àtijọ́, wọ́n kú sínú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ gbẹ, ìjì wá gbé e.”

“Ìhà ibo ni, Mà?”

“Ìhà Adágún Ṣáàdì, ní òkè Màídúgùrì lọ́hùn-ún. Ohun tí àwọn tó ń wádìí rẹ̀ ń rò nìyẹn. A máa lọ bu ilẹ̀ ibẹ̀ wá, ká fi wé e.”

Bàbá, mo di tábìlì mú. Ṣé gbogbo eruku ọyẹ́ tí mo ti ń gbọn kúrò lára aṣọ mi, ọ̀dọ̀ yín ló ti ń wá?

Màámi ò fẹ́ gbọ́ nípa ìrìn àjò náà. Wọ́n gbé oúnjẹ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ọ̀nà tó gba bàbá ẹ lọ́wọ́ mi ló tún fẹ́ gba ìwọ náà? Kò ṣeé ṣe.” Nígbà tó ṣe, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi dé yàrá ìwádìí wa. Wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n di ojú kan, wọ́n fi ìkejì wo inú ẹ̀rọ náà. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

“Kí làwọn nǹkan tó ń dán yìí?”

“Ohun tó ti gbé inú omi rí ni, Màámi. Ó jọ pé ọ̀dọ̀ adágún tí Bàbá máa ń sọ ló ti wá.”

Wọn ò gbójú sókè. “Wọ́n máa ń sọ ọ́, èmi a sì máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n nàró. “Ìgbà wo lẹ fẹ́ lọ? Èmi náà ń bá ẹ lọ.”

Ọ̀gá mi fi mọ́tò ṣáájú pẹ̀lú irinṣẹ́, àwa méjèèjì wọ rélùwéè ní Dùgbẹ̀. Màámi ò kọjá Ìlọrin rí láyé wọn. Wọ́n jókòó ti fèrèsé, wọ́n sì ń wo bí igi ṣe ń kúrú sí i, bí koríko ṣe ń pọ́n, títí ìkùukùu eruku fi bo gbogbo rẹ̀, tó wá dà bíi pé inú wàrà ni ọkọ̀ náà ń gbà kọjá. A ń sùn, à ń jí, ibi tí a bá jí sí kò yàtọ̀ sí ibi tí a sùn sí. Nígbà kan, wọ́n bi mí bóyá ẹ máa ń kọrin tẹ́ ẹ bá ń wakọ̀ gba ibẹ̀. N kò mọ̀. Ṣé ẹ máa ń kọrin?

Ní Màídúgùrì, ẹnu ìbéèrè la fi rí Màlámù Bùkárì, tó máa ń ra obì lọ́wọ́ yín, tó sì gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Ó ti darúgbó. Nígbà tí Màámi dárúkọ yín, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

“Ìyàwó Díráfà Ìbàdàn! Èmi ti ń retí ẹ. Èmi ló wẹ òkú ọkọ ẹ. Ọwọ́ mi yìí ni.”

Màámi gbá ọwọ́ náà mú, wọn ò sì tètè fi í sílẹ̀.

Ọ̀gá mi gbé mi dé etí adágún náà. Bàbá, kí ni ǹ bá sọ fún yín? Ibi tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ apẹja máa ń gúnlẹ̀ sí ti di iyanrìn. Ọkọ̀ kan fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ níbẹ̀, ewúrẹ́ sùn sábẹ́ òjìji rẹ̀. Àwọn apẹja ní omi ń sá sẹ́yìn, àwọn náà sì ń tú ilé wọn tẹ̀ lé e. Mo bu ilẹ̀ funfun kan tó fẹ́lẹ́ bí àtíkè. Ó ti wà nílé báyìí, ìkarahun inú rẹ̀ sì jọ ti inú àwo wa. Ọ̀gá mi ní ká má tíì hó yèè, torí ibi púpọ̀ ni ìjì ti ń kó ẹrù rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n wí. Àmọ́ kí ni ọkàn mi fẹ́ fi sùúrù ṣe?

Àárọ̀ ọjọ́ tí a ó padà ni Màlámù Bùkárì mú wa lọ sí ibi ìsìnkú. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, kò sí ẹlòmíì níbẹ̀. Àwọn ebè pẹlẹbẹ tò lọ nínú ìkùukùu, kò sí òkúta, kò sí orúkọ. Màlámù dúró, ó wo ilẹ̀ títí.

“Ìlà yìí ni. Ìyẹn, mo lè búra. Àmọ́ òjò ti rọ̀, ìjì ti fẹ́. Èwo nínú wọn... ẹ forí jì mí.”

Mo rò pé Màámi máa ṣubú ni. Wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n lọ sídìí èyí tó ṣáájú, wọ́n sì kúnlẹ̀. “Àsàlámù àlékùn o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti dé.” Wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀ náà, wọ́n dìde, wọ́n bọ́ sídìí èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún kúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n kí mélòó kan tán, tí wọ́n ti ń fọwọ́ ti ilẹ̀ kí wọ́n tó dìde, mo di apá wọn mú.

“Màámi, ó ti tó. Ẹ jẹ́ ká kàn yan ọ̀kan.”

Wọ́n yọ ọwọ́ mi kúrò. “Gbogbo wọn ló ní ìyàwó níbì kan,” ni wọ́n wí. “Èyí tí kì í bá ṣe tèmi, mo bá ìyàwó ẹ̀ kí i.”

Wọ́n kí wọn tán pátá. Ìdí èyí tó kẹ́yìn ni wọ́n jókòó sí, wọ́n na ẹsẹ̀ wọn méjèèjì, wọ́n wá sunkún yín, Bàbá mi, wọ́n sunkún yín sókè bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ lónìí.

Èwo nínú ìkíni wọn ló kàn yín? Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ẹ sinmi o, Bàbá mi àtàtà.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín lójú ayé, tó fẹ́ràn yín lẹ́yìn ikú.