Bí Mo Ṣe Di Ọ̀gá Omi Gbígbóná

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ara wa le, kí Ọlọ́run jẹ́ kí tiyín náà le ju tiwa lọ. Ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá tó ń fi iná mànàmáná mú omi gbóná, tó o fi ránṣẹ́ nítorí orúnkún bàbá rẹ, ti dé, ó wà ní ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ páànù. Èmi ìyá rẹ ni ọ̀gá rẹ̀ báyìí, kò sì sẹ́ni tó ń bá mi du ipò náà.

Níbẹ̀rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún. Ìwé tó bá a wá ní kò gbọdọ̀ ju ogójì lọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo wá sọ fún bàbá rẹ pé kí wọ́n má bínú, ẹni ọdún mẹ́tàlélàádọ́rin ò lè wọ ibẹ̀. Wọn ò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ní ilé kejì ló ṣàlàyé pé ìgbóná omi ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọjọ́ orí, tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, òòyì lè kọ́ èèyàn. Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó, kí ẹnikẹ́ni má mutí wọ̀ ọ́, kí ọmọdé má dá wà nítòsí rẹ̀. Mo bi í pé omi tó ń hó báyìí, ṣé kò ní bó bàbá rẹ, ó ní afẹ́fẹ́ lásán ló ń rú u. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ ju ọ̀dùnkún kan sí i. Kò jinná. Ìgbà náà ni mo jẹ́ kí bàbá rẹ wọlé.

Ní Sátidé, àbúrò mi télọ̀, Abẹ́rẹ́-Kì-í-Sùn, wá kí wa. Ó ti mutí yó kó tó dé. Èmi wà ní kíṣìnì, ló bá bọ́ ṣòkòtò, ó wọnú omi, ó yí ìgbóná rẹ̀ dé òpin, ó sì sùn lọ. Nígbà tí mo débẹ̀, imú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Mo gbá a mú lábẹ́ abíyá, mo gbé orí rẹ̀ sókè, mo ní kí bàbá rẹ fi ọwọ́ gbígbẹ pa iná lára ògiri. Ọmọ mi, bàbá rẹ sáré. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ti ń wọ́ nílẹ̀ láti ọdún méjì ni wọ́n fi sáré, láìmú ọ̀pá. A fa télọ̀ jáde, a tẹ́ ẹ síbi tó tutù, nígbà tó lajú a fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì tá a ránṣẹ́ pè ní ká ní ó pẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i nínú omi ni, ẹkún là bá máa sun. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

Télọ̀ ti rán ìbòrí onídè mẹ́rin tó ṣe é tì fún ọpọ́n náà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn mi. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ báyìí, àfi kó kọ́kọ́ mí sí mi nímú.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra oògùn tí wọ́n fi ń fọ omi náà. Má gba inú fóònù fi í ránṣẹ́ o, fóònù mi bọ́ sómi lọ́jọ́ yẹn, mi ò fẹ́ kí owó náà rin.

Ibi tó o bá wọ̀, ayọ̀ ni wàá bá jáde. Mo fẹ́ dánu dúró níbí, bàbá rẹ ti wọ bàtà, wọ́n ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn fúnra wọn ló fẹ́ fẹsẹ̀ rìn gbé lẹ́tà yìí lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.