Ìwé Ọ̀rọ̀ Onírù Tí Olùkọ́ Yá Lọ́wọ́ Mi

Ilé Kejìdínlógún,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé Ìtura.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2019.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ Àgbà,
Àjà Kejì, Ilé Iṣẹ́ Ìjọba,
Iwájú Ilé Ìfìwéránṣẹ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ ÌWÉ MI TÍ OLÙKỌ́ YÍN YÁ TÍ KÒ DÁ PADÀ, ÀTI Ẹ̀SÙN ÀDÀKỌ TÍ WỌ́N FI KÀN MÍ NÍTORÍ RẸ̀

1. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí, n kò sì wá ìmọ̀ràn wá sọ́dọ̀ yín. Àkọ́bí mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ti ní kí n fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ní kí n ro ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyá Bọ́tìnì, aránṣọ tí a jọ ń gbé ilé, ní kí n fọwọ́ wọ́nú. Mo gbọ́ ti gbogbo wọn, n kò gba ti ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi tiyín kún un.

2. Ìwé kẹta ni mo kà dé kí wọ́n tó yọ mí kúrò nílé-ẹ̀kọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ tó wà nísàlẹ̀ ilé ìtura, mo sì ṣe olórí àwọn alágbàfọ̀ fún mẹ́tàdínlógún nínú rẹ̀. Ọ̀gá wa obìnrin wá láti òkè òkun, kò gbọ́ èdè wa rárá. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń pàṣẹ, kò sì ní sùúrù. Bí a kò bá lóye ohun tó sọ, yóò tún un sọ pẹ̀lú ohùn tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí ẹni pé adití ni wá.

3. Ibẹ̀ ni mo ti kíyè sí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá ló ń dààmú ènìyàn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Wọn a mú ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, wọn a so ìrù mọ́ ọn nídìí, ó di nǹkan mìíràn. "Put" ni kí a gbé nǹkan sí ibì kan. "Put on," ó di kí a wọ aṣọ. "Put off," ó di kí a sún nǹkan síwájú. "Put up with," ìrù méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó di kí a máa fara da ọ̀gá. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní èyí ti le jù. Mo ní kò le. Àwa náà ń gbé nǹkan kalẹ̀, à ń gbé e kọ́, à ń gbé e wọlé, à ń gbé e pamọ́, "gbé" kan náà ni. Bí wọ́n bá sì so "up" mọ́ ọ̀rọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ó máa ń dà bí "tán" tiwa: "use up," kí a lò ó tán, "dry up," kí ó gbẹ tán. Kì í ṣe ní gbogbo ìgbà o. Ẹni tó bá ní gbogbo ìgbà ni, kò tíì bá ọ̀gá wa ṣiṣẹ́.

4. Mo kọ wọ́n sínú ìwé aláwọ̀ búlúù kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le. N kò tò wọ́n ní abídí bíi ti ilé-ẹ̀kọ́. Bí iṣẹ́ wa ṣe ń lọ láti àárọ̀ ni mo ṣe tò wọ́n. "Take off" ló ṣíwájú, kí a bọ́ aṣọ kúrò lórí ibùsùn. "Sort out" tẹ̀ lé e, kí a ṣà wọ́n sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà "wring out," kí a fún omi wọn dànù, àti "hang up," kí a sá wọn sórí okùn. Ojú ìwé ti òjò ló kàn, nítorí pé ọ̀sán ni òjò máa ń ká wa mọ́: "bring in," kí a sáré kó wọn wọlé. Kí "fold up" àti "put away" tó dé, iṣẹ́ ti ń parí. Ọ̀rọ̀ igba ó lé mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀. Abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo kọ gbólóhùn tí ọ̀gá wa sọ gan-an lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ.

5. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, mo forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ yín, kí n lè gba ìwé ẹ̀rí tí n kò rí gbà ní kékeré. Olùkọ́ yín kò mọ bí yóò ṣe la àwọn ọ̀rọ̀ onírù wọ̀nyí yé wa. Ó ń kà wọ́n jáde láti inú ìwé ńlá kan, ó ń kọ, ó ń nù ún, àwa ń wò ó. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo mú ìwé mi fún un. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì lòun máa lò ó. Oṣù kejìdínlógún nìyí.

6. Mo béèrè títí. Ó ní ó wà nílé. Ó ní ìyàwó òun ń tún ilé tò. Níkẹyìn ó ra ìwé òfìfo kan fún mi, ó ní kí n tún òmíràn bẹ̀rẹ̀.

7. Ní oṣù karùn-ún ọdún yìí, ìwé pélébé kan jáde, orúkọ olùkọ́ ló wà níwájú rẹ̀, ìgbìmọ̀ yín sì pín in fún gbogbo kíláàsì. Mo ṣí i. Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní, "take off." Ẹ̀kọ́ karùn-ún, òjò. Orí ìdúró ni mo ti kà á tán.

8. Mo lọ bá a lẹ́yìn kíláàsì, Ìyá Bọ́tìnì sì bá mi lọ ṣe ẹlẹ́rìí. N kò pariwo. Mo ní kí ó dá ìwé mi padà, kí ó sì fi orúkọ mi sí èyí tó tẹ̀ jáde. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní: "Ìyá, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ta ló máa gbà pé alágbàfọ̀ ló kọ ọ́?" Ìyá Bọ́tìnì fà mí lọ́wọ́ pé ká máa lọ. Ìgbà tí a dé ìta ló sọ pé Ọlọ́run ló yọ ọkùnrin náà, òun kò mú abẹ́rẹ́ dání.

9. Ohun tó wá mú mi kọ̀wé nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, alábẹ̀wò yín wá yẹ iṣẹ́ àwa tí a fẹ́ ṣe ìdánwò wò. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ mú ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ wá. Mo ti tún ọ̀rọ̀ mi kọ sínú ìwé òfìfo yẹn, láti orí mi, láìwo ibì kankan. Alábẹ̀wò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pélébé náà, ó fi yíǹkì pupa kọ "Àdàkọ" gàdàgbà sí i lójú, ó ní n kò ní ṣe ìdánwò. Olùkọ́ wà níbẹ̀. Ojú fèrèsé ló ń wò.

10. Láti ọjọ́ náà n kò rójú jókòó. Mo ń fọ aṣọ tó mọ́. Mo kó abọ́ jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo tún kó wọn padà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, orí tábìlì tí mo fi ń lọ aṣọ ni mo ti dúró kọ ọ́. Wọ́n ti bú mi rí lẹ́nu iṣẹ́, mo sì gbà á mọ́ra. Ẹnikẹ́ni kò pè mí ní olè rí.

11. Ẹ pe olùkọ́, kí ẹ bi í ní ohun méjì péré. Kí ló dé tí òjò fi wà láàárín ìwé rẹ̀, tí kò sí níbẹ̀rẹ̀ tàbí níparí? Kí ló sì dé tí "take down" fi ní àpẹẹrẹ kan ṣoṣo, pé kí wọ́n já aṣọ fèrèsé yàrá kejìlá? Kò wọ ilé ìtura náà rí. Èmi mọ̀ ọ́n. Àlejò kan gbé yàrá yẹn fún ọdún mẹ́rin, páìpù tábà ni kò kúrò lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a ń já aṣọ fèrèsé rẹ̀ fọ̀, omi rẹ̀ a dúdú bíi tíì. Bí olùkọ́ bá rí ìdáhùn fún yín, mo gba orúkọ tí ẹ fún mi.

12. Mo bẹ̀ yín, ẹ pa "Àdàkọ" rẹ́ lára iṣẹ́ mi, kí n lè bá àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe ìdánwò ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí. Ti orúkọ tó wà níwájú ìwé pélébé, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó yẹ kí ẹ ṣe. N kò ní tọrọ iyì tí mo fọwọ́ ara mi ṣiṣẹ́ fún. Ṣùgbọ́n ìwé búlúù mi, ẹ má fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ má fi owó lọ̀ mí. Gbèsè oṣù méjìdínlógún ni. Kí olùkọ́ yín dá a padà.

Mo dúpẹ́ pé ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni, tí mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yín,

Ìyá Alágbàfọ̀,
Olórí ilé ìfọṣọ tẹ́lẹ̀.