Bá Mi Kí Àwọn Tó Ń Polówó Nínú Kọ̀ǹpútà Rẹ

Moyọ̀sọ́rẹ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí, ṣé ara le? Olúwa tó mú ọ dé Èkó láìfarapa kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì. Gbogbo wa wà ní Ẹdẹ, a kò ṣàìsàn, àìrí-jẹ ni kò jẹ́ ká sanra. Bàbá rẹ ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí iléèwé tó ti ń kọ́ni ní Sekona torí kò sí bẹntiróò. Ó ní eré ìmárale lòun ń ṣe, ṣùgbọ́n tó bá di alẹ́, èmi ni mò ń fi omi gbígbóná wọ́ ẹsẹ̀ fún un.

Àbúrò rẹ Ìfẹ́olúwa ló ń bá mi kọ èyí. Láti àárọ̀ ló ti fajúro, ó ní mò ń sọ̀rọ̀ yára ju bírò lọ. (Èmi Ìfẹ́: kì í ṣe torí ìyẹn. Inú mi kàn bàjẹ́ ni.)

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ohun tí o kọ nípa iṣẹ́ rẹ ní ṣọ́ọ̀bù Íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn, n kò lè jẹun. O ní bí oníbàárà bá ti jókòó ti kọ̀ǹpútà, ìpolówó á bẹ́ gìjà síwájú rẹ̀, bó bá pa ọ̀kan, méjì míì á yọjú, àti pé ohun tí ẹ fi ń ṣí Íńtánẹ́ẹ̀tì kò ní nǹkan kan nínú tó lè dí wọn. Ọ̀gá rẹ sì ní bí o kò bá rí ọgbọ́n dá sí i kí oṣù tó parí, kí o máa lọ sílé. Ọmọ mi, káfíńtà ló kan ilẹ̀kùn láìfi kọ́kọ́rọ́ sí i, ìwọ ni wọ́n fẹ́ da ẹ̀bi rẹ̀ lé lórí.

O ní Ọládòṣù tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ mọ ọ̀nà kan: kí o kọ orúkọ ilé àwọn tó ń polówó sínú ẹ̀rọ, kí o wá kọ àdírẹ́sì ẹ̀rọ yín gan-an síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pé bí ẹ̀rọ bá ń wá wọn lọ, ilé ara rẹ̀ ló máa padà sí, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni. Ó yé mi. Wọ́n ti ṣe é fún mi rí. Ìyá kan lọ́nà ìlú Ara rí mi pẹ̀lú igbá ògì tí mò ń kiri, ó ní wọ́n ń wá ológì lẹ́yìnkùlé òun. Mo yí ilé náà po, ògiri tó wó àti ewúrẹ́ ni mo bá. Nígbà tí mo fi máa jáde, ó ti ti ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ ẹ̀rín.

Mi ò ní kí o má dí wọn. Iṣẹ́ rẹ ni, dí wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni tó ń kiri ni ọ́. Ẹni tó gbé ọjà dé ẹnu ọ̀nà ẹni, bí a ò tilẹ̀ ní rà, a kì í dákẹ́ fún un, a máa ń ní ajé á wọgbá. Bí ọ̀kan bá ti yọjú, kọ́kọ́ wí i fún un, jẹ́jẹ́, kí ọ̀gá rẹ má gbọ́. Mo rò pé àìkí wọn gan-an ló ń mú kí méjì míì padà wá. Àwọn náà á ní ọmọ nílé. Tí o bá kí wọn tán, kí o wá ṣe bí Ọládòṣù ṣe wí.

Bí kò bá sì ṣiṣẹ́, tí ọ̀gá ní kí o lọ, má dúró sí Èkó máa tijú. Máa bọ̀. Bàbá rẹ ní kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní ìbéèrè kankan.

Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ rán awakọ̀ tó ń ná Ẹdẹ, kí n fi ra kẹrosíìnì, èéfín igi tútù ti fẹ́ fọ́ mi lójú. Bí kò bá sí, má lọ yáwó. Olúwa á jẹ́ kí ojú ọ̀gá rẹ rọ̀ sí ọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di ẹ̀sín.

Èmi ìyá rẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá ti lọ gbé omi kaná, wọn ò mọ̀ pé mò ń kọ èyí. Àràárọ̀ ni wọ́n ń gbàdúrà pé kí ọ̀gá yín má lé yín. Mò ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n nínú mi, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí wọ́n lé yín wálé. Ẹ má bínú. Orí ẹní yín ni mò ń sùn báyìí. Bí ẹ bá dé, màá sún fún yín.