Ohun Tí Wọ́n Rán Mọ́ Etí Sùtánà Mi

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kú àmójútó oko ẹ̀gẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Jọ́ọ̀sì níbí. Mo kí àbúrò mi Fúnmiláyọ̀, tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí, mo sì kí gbogbo ìjọ wa aláṣọ funfun ní Ìrókò. Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ìjọ ni ẹ ó ti bá a. Mo fura pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tèmi àti tiyín nìkan.

Iṣẹ́ télọ̀ ń lọ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Òtútù ibí ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Láàárọ̀, n ó fi ọwọ́ ra ọwọ́ títí kí ìka tó lè di abẹ́rẹ́ mú. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ńkọ́? Ẹ sáà mọ̀ pé àwa kì í wọ bàtà wọlé àdúrà. Sìmẹ́ńtì á máa jó mi lẹ́sẹ̀ bí iná. Kò sì sẹ́ni tó ń pè mí ní Àkànní níbí. Ó máa ń dùn mí tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Owó díẹ̀ tí mo fi rán awakọ̀ Moniya, ẹ fi ra kẹrosíìnì.

Màámi, ẹ jẹ́ n bi yín ní ọ̀rọ̀ kan. Ta ló tú etí sùtánà mi?

Èmi fúnra mi ni mo rán aṣọ àdúrà yẹn kí n tó kúrò nílé, máṣínnì ni mo sì fi ṣẹ́ ẹ létí. Nígbà tí mo wá ṣọdún Kérésì, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi pé ẹ fẹ́ bá mi fọ̀ ọ́. Mo padà dé Jọ́ọ̀sì, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ láti lọ̀ ọ́, ni mo rí i pé ọwọ́ ni wọ́n fi rán ibì kan nísàlẹ̀, nǹkan kan sì le gbagidi nínú rẹ̀. Háà! Mo ní oògùn ni, wọ́n ti mú mi.

Ẹ̀gbọ́n yín tó ń gbé Moniya ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ẹ mọ̀ wọ́n: láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti wà níbi tí a kì í dárúkọ. Àwọn náà ló sọ fún mi lójúkojú pé ọkùnrin kì í lọ Òkè Ọya lọ́wọ́ òfo, pé Ọlọ́run pàápàá ń fẹ́ olùrànlọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ padà, mo bá ẹ̀yin méjèèjì lẹ́yìn ilé ìdáná, ẹ ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. Bí ẹ ṣe rí mi, ẹ yára ní ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ ni. Ta ní ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ ní wúyẹ́wúyẹ́? Ìfura loògùn àgbà.

Ó yẹ kí n tú u lọ́jọ́ náà. N ò tú u. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní bó bá jẹ́ ońdè, tí mo jù ú nù, tí nǹkan wá ṣe mí ńkọ́? Oníbàárà sì ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lásìkò yẹn. Ni ọwọ́ mi bá kọ́ àṣàkaṣà. Bí mo bá ti kúnlẹ̀, n ó kọ́kọ́ wá ibi tó le yẹn létí aṣọ, n ó dì í mú, kí n tó pe Jésù. Alàgbà wa níbí wá ní kí n máa darí àdúrà ọjọ́ Ìsinmi. Ojú tì mí. Ẹni tó ń lé eku méjì, òfo ló ń mú bọ̀ wálé.

Lọ́jọ́ Sátidé, lọ́sàn-án gangan, mo fi réésà tú u. Àgbélébùú ewé ọ̀pẹ ni! Èyí tí wọ́n pín fún yín lọ́jọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, tí ẹ há mọ́ òkè ilẹ̀kùn wa. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ dárí jì mí, Màámi.

Ṣùgbọ́n òwú dúdú ni wọ́n fi wé e, wọ́n wé e, wọ́n sì ta á ní kókó lórí kókó. Ta ló wé e? Àgbélébùú wo ló nílò òwú dúdú? Ọkàn mi ò tíì balẹ̀ lórí èyí o, ẹ má fi pa mọ́ fún mi.

Ẹni yòówù kó wé e, n ò lè bá a jà, torí èmi gan-an ni mo sọ àgbélébùú di ońdè. Ohun tí mò ń dì mú kí n tó pe Jésù, òun ni mo gbà gbọ́. Ìgbàgbọ́ mi wá dà bí ẹ̀kọ mímu tí kò gbóná tí kò sì tutù. Ta ni yóò mu ún?

Mo fi àgbélébùú náà kọ́ ara ògiri, mo fi máṣínnì ṣẹ́ etí aṣọ padà, n ò fi nǹkan kan sí i. Lọ́jọ́ kejì mo wọ̀ ọ́ lọ darí àdúrà. Mo kúnlẹ̀, ọwọ́ mi tún lọ sísàlẹ̀, ó ń wá a kiri. Kò bá nǹkan kan. Mo bá gbé ọwọ́ náà sókè, mo sọ fún Jésù pé òun nìkan ló kù fún mi.

Bí mo bá wálé lọ́dún Àjíǹde, ẹ bá mi fọ aṣọ o, ẹ gbàdúrà sí i, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ sinmi. Ẹ kí ẹ̀gbọ́n yín ní Moniya, ẹ ní mò ń retí àlàyé òwú dúdú. Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ẹ ó jèrè ọmọ pẹ́ títí. Mo kí ará ilé, mo kí ará oko.

Èmi ni ọmọ yín, tí kò ní nǹkan kan létí aṣọ mọ́,
Àkànní