Ojú Ìwé Tí Ọ̀gá Wa Lẹ̀ Pọ̀

Ọjọ́rú, Kétu

Mummy H.M., ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wa, fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú ìwé méjì pọ̀ nínú ìwé ìtàn tí mo rà fún Primary Five, torí pé ọmọbìnrin inú rẹ̀ rí nǹkan oṣù.

“Aunty Bùkọ́lá, àwọn òbí Ìkòsí yìí á pa wá!” ni wọ́n wí fún mi.

Inú bí mi. Ṣé wọn ò mọ̀ pé ojú ìwé tí a bá lẹ̀ ni ọmọ máa kọ́kọ́ ṣí ni? Kí break tó parí, Ìdáyá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi, ti fi rúlà ṣí i.

Nígbà tí ilé-ìwé parí, mo bá Mummy H.M. ní ọ́fíìsì, wọ́n ń ka ibẹ̀ gan-an, omi lé ròrò sójú wọn.

“Nígbà tèmi, mo rò pé mo fẹ́ kú ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.”

Wọ́n dá ìwé náà padà fún mi. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì mọ́ inú dúróọ̀.